Àwọn Tó Jókòó ní Ọgbà Bẹ́rígà

Èèpo ọsàn tí Ọ̀jẹ́wálé jù sílẹ̀ kò pẹ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ gbé e mì.

Ó dúró, ó tún ibẹ̀ wò. Kò sí ihò. Ojú ilẹ̀ dúdú náà kàn là díẹ̀, bí ẹnu ọmọ tí oorun ń kùn, èèpo wọlé, ilẹ̀ padé. Kò sí ewé kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àsìkò tí igi ń wọ́wé ni, igi sì pọ̀ níbẹ̀ lọ súà. Gbogbo ewé tó ń já ni ilẹ̀ ń gbà.

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó padà sáàárín ọ̀nà.

Ní ẹnu géètì, ẹ̀rọ kékeré tó fi sétí ti ka òfin ọgbà fún un. Mẹ́ta ni. Má kúrò lójú ọ̀nà. Má dúró. Má fara kan ilẹ̀. Ó rò pé nítorí koríko ni. Ní ilé ìwé tó ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ nílé, irú rẹ̀ wà lára pátákó níwájú ọ́fíìsì gbogbo: ẹ má tẹ koríko. Nígbà tó wọlé tó rí i pé koríko kankan kò sí, ó yẹ kó padà. Kò padà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù tó máa kúrò ní Bẹ́rígà. Ọdún mẹ́rin ló ti lò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ló wá kọ́, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí. Ọgbà yìí gan-an ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lé. Ó mọ gbogbo páìpù abẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n kò wọ ibẹ̀ rí. Olùkọ́ rẹ̀ ní àwòrán ti tó, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá nínú ọgbà. Ọ̀jẹ́wálé kò fẹ́ dé Ìgbẹ́tì kí wọ́n bi í pé báwo ni ibi tó kọ ìwé lé lórí ṣe rí, kó wá máa wolẹ̀. Ìdí tó fi wọlé nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Oòrùn wà lókè, kò gbóná. Kò sí ẹyẹ, kò sí ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni ìró omi tó ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó yà ní kọ́nà kan, ó sì rí wọn.

Àwọn arúgbó ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́tùn-ún lósì, ẹnì kan sí bẹ́ǹṣì kan, títí tí ojú rẹ̀ kò fi rí ìparí wọn. Aṣọ eléérú kan náà ni gbogbo wọn fi bo èjìká. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọn kò sùn. Ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Lára bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan ni dígí róbótó kan wà, nọ́ńbà sì wà nínú dígí náà. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlógún. Méje.

Láti ọdún mẹ́rin, kò tíì rí arúgbó kan ní ìgboro Bẹ́rígà. Kò rí wọn nínú ọkọ̀, kò rí wọn lọ́jà, kò rí wọn ní ilé ìwòsàn pàápàá. Ó bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan léèrè nígbà kan. Onítọ̀hún ní, "Wọ́n wà." Ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Ọ̀jẹ́wálé dàgbà. Ilé tí kò bá ti sí arúgbó lójúde, kì í jọ ilé lójú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù, inú rẹ̀ ló dùn sí i.

Bàbá tó wà lórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún ń wò ó. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ojú rẹ̀ mọ́ jù fún ojú arúgbó. Ó tẹjú mọ́ Ọ̀jẹ́wálé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ bẹ́ǹṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí bàbá àgbà ṣe máa ń fà á ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ọmọ ilé bá ń bọ̀ wá kí i, kí àyè lè wà.

Ara ló ṣe é, kì í ṣe ọpọlọ. Ọ̀jẹ́wálé kúrò lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Ilẹ̀ náà gbóná. Kì í ṣe bí ilẹ̀ tí oòrùn pa. Ó gbóná bí ara ènìyàn. Ó gbéra díẹ̀ lábẹ́ àyà rẹ̀, ó sì rọlẹ̀ padà, bí ẹni tó mí kanlẹ̀.

Ó fò dìde.

Ọ̀kan ni nọ́ńbà tó wà nínú dígí bàbá náà. Bí ó ti ń wò ó, nọ́ńbà náà pa rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé yọ dípò rẹ̀. Ohùn kan jáde láti inú igi, tàbí láti inú ilẹ̀, kò mọ èyí tí í ṣe. Ẹ̀rọ etí túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"A ti rí ẹbí."

Lórí gbogbo bẹ́ǹṣì, títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ, orí yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Obìnrin kan jáde láàárín igi. Aṣọ olùṣọ́ ọgbà ló wọ̀, ó sì tó ẹni ogójì ọdún. Kò sáré. Ó mú pátákó dígí kan dání.

"Kí lorúkọ rẹ?" Ẹ̀rọ etí kò mọ ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ìwọ ni gbogbo ènìyàn lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀jẹ́wálé síta ní èdè ibẹ̀.

"Ọ̀jẹ́wálé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti ń lọ."

"O kò lè lọ báyìí. O ti bá a tan."

"Mo ti bá ta ni tan?"

"Òun." Ó nawọ́ sí bàbá náà. "Sólìn ni wọ́n ń pè é. Ṣé o kò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

"N kò mọ̀..."

Obìnrin náà tètè gbọ́wọ́ sókè. "Dákẹ́. Má sọ ìyẹn tán. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ó wá èrùpẹ̀ láyà aṣọ Ọ̀jẹ́wálé. Kò sí èrùpẹ̀ kankan níbẹ̀. Aṣọ náà mọ́ bí ẹni pé wọ́n lá a. "Ta ló kọ́ ọ pé kí o fi àyà kanlẹ̀ níwájú ẹni tó jókòó?"

"Bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn."

"Àgbà wo?"

"Àgbà gbogbo."

"Èyí tí o kò mọ̀ rí pẹ̀lú?"

"Bí mi ò bá mọ̀ wọ́n ńkọ́? Ṣebí wọ́n jù mí lọ."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Ẹ̀yin wọ̀nyí lawọ́ o. Gbọ́ mi. Níbí, ẹbí nìkan ló ń fara kan ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fara kàn án ti sọ fún un pé: má mú eléyìí, tèmi ni. Ilẹ̀ sì ti gbọ́ tìrẹ."

"Ó ń mú wọn lọ síbo?"

Obìnrin náà gbójú sókè sí àwọn igi. "Tí ewé bá ti padé nírọ̀lẹ́, ẹni tí nọ́ńbà ọjọ́ rẹ̀ bá tán á wọlé."

"Ilé wo?"

Obìnrin náà wolẹ̀. Ọ̀jẹ́wálé náà wolẹ̀. Ó rántí èèpo ọsàn.

Ó tún rántí àwọn àwòrán. Lábẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sàmì sí, páìpù tín-ín-rín wà bí irun orí. Òun ti rò pé wọ́n ń bomi rin igi ni. Ṣùgbọ́n àmì ọfà tó wà lára wọn kò kọjú sí igi. Láti inú ọgbà ló ti ń lọ sí ìgboro, sí àwọn ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ya àwòrán ṣe àṣìṣe. Olùkọ́ rẹ̀ fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i, kò sì sọ nǹkan kan.

Yàrá rẹ̀ gbóná dáadáa fún ìgbà òtútù mẹ́rin. Ó máa ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sùn.

"Ẹni tó bá ní ẹbí," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ilé ẹbí ló ń lọ. Wàá mú un lọ sílé lónìí. Ìwọ ni wàá máa bọ́ ọ. Bí o kò bá lè bọ́ ọ mọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wá jókòó síbí. O kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kúrò ní ìlú. Ìwé ìrìnnà rẹ ti padé láti ìgbà tí àyà rẹ ti kanlẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí mo máa lọ sílé, mà. Títí di ìgbà wo ni?"

"Títí ó fi máa kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Àwọn tó bá ní ẹbí máa ń pẹ́ níbí. Wọ́n ń lo ọgọ́fà."

Ọ̀jẹ́wálé ṣe ìṣirò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Yóò di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin kí ó tó tún rí òkè Ìgbẹ́tì.

Ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ìyá rẹ̀ ni. Ojú ìyá náà ń kú lọ. Dókítà ti sọ pé kò ní ríran mọ́ tí òjò tó ń bọ̀ bá kọjá. Ìyá náà kò sunkún. Ó kàn ní kí ọmọ òun ṣáà tètè wálé, kí òun wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó pa fìtílà. Ọ̀jẹ́wálé ti ra ìwé ọkọ̀ òfúrufú. Ó ti dárúkọ ọjọ́ fún un.

"Ọ̀nà kan wà," obìnrin náà ní. "Wàá wò ó lójú. Wàá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé o kò mọ̀ ọ́n rí. Wàá kẹ́yìn sí i. Ìwé rẹ á ṣí padà, wàá sì máa lọ."

"Bàbá ńkọ́?"

"Ewé ti fẹ́ẹ̀ padé."

Lóòótọ́ ni. Lórí igi tó jìnnà jù, ewé ti ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí patanmọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.

Ọ̀jẹ́wálé kọjú sí bàbá náà. Ohun kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ẹ̀ẹ̀kan.

"Bàbá, ẹ fa ẹsẹ̀ yín wọlé kí n tó dọ̀bálẹ̀."

"Mo fà á." Ohùn bàbá náà kéré, kò gbọ̀n.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ará ìlú yín kan. A jọ ṣiṣẹ́ ní èbúté nígbà tí mo lágbára. Ó máa ń ròyìn ilé fún mi. Ó fi bí ẹ ṣe ń kí ènìyàn hàn mí, lórí ilẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, òróró sì wà nílẹ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín." Ó nawọ́ sí irin tó yí ọgbà ká, tí títì ń hàn láàárín rẹ̀. "Bẹ́ǹṣì yìí kọjú sí irin ọgbà. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wò ọ́ bí o ṣe ń kọjá. O máa ń tẹrí ba fún obìnrin tó ń gbá ojú títì. Òun kì í dá ọ lóhùn. O kò sì yéé tẹrí ba."

"Ẹ dẹ pàkúté sílẹ̀ fún mi."

"Mo dẹ ẹ́."

"Ẹ ò ro tèmi rárá."

"Mo rò ó. Mo ro tèmi náà." Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tí o bá fẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́. N kò ní bínú. Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo máa ń gbọ́ wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Ta ni?"

"Àwọn tó ti wọlé. Wọ́n ṣì ń ka nọ́ńbà."

Ọ̀jẹ́wálé tẹ́tí sí ìró omi tó ti ń gbọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù. Omi kì í dánu dúró mí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ó wo obìnrin olùṣọ́. Olùṣọ́ wo ewé, ó mi orí pé kó gbé e.

"Àkànmú." Oríkì ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é.

"Mà."

"Ṣé o ti ń di ẹrù?"

"Mo ti ń dì í, mà."

"Má kó ẹ̀wù òtútù wọ̀nyẹn wálé o. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe ní Ìgbẹ́tì? Àfi tí o bá fẹ́ dẹ́rù ba ewúrẹ́. Fi wọ́n ta àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́rẹ."

"Ó dáa, mà. Ojú yín ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀. Mi ò fi wo nǹkan kan mọ́ báyìí. Mo ń ṣọ́ ọ lò dè ọ́ ni." Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ ni etí rẹ̀ ti mú sí i. "Ta ló ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?"

"Bàbá kan ni, mà."

"Àgbàlagbà?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n."

"Ṣé o ti kí wọn?"

Ewé igi kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Olùṣọ́ ti gbé ìka lé pátákó dígí rẹ̀, ó ń dúró.

"Mo ti kí wọn, mà."

"Ó dáa. Gbé mi sí wọn létí."

"Màmá, wọn ò gbọ́ èdè wa."

"Ta ló bi ọ́? Gbé mi sí wọn létí."

Ó na fóònù sí bàbá náà. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde gbàǹgbà láàárín ọgbà. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ìyá rẹ̀ ni mo jẹ́. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún un, ọ̀nà ló ń bọ̀."

Bàbá náà kò ní ẹ̀rọ létí, ti Ọ̀jẹ́wálé kì í sì í túmọ̀ ohùn inú fóònù. Ìkíni yẹn nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ó tún fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ bẹ́ǹṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rọra tẹ orí ba fún fóònù náà.

"Màmá, mo ń pè yín padà," Ọ̀jẹ́wálé ní. Ó pa á.

"Sọ ọ́," olùṣọ́ ní. "Àkókò ń lọ."

Ó wo bàbá náà lójú. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti sọ ìlàjì rẹ̀ nígbà kan lónìí, kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kan náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti kí wọn. Ọ̀rọ̀ kejì kọ̀, kò jáde. Ó rí ojú ìyá rẹ̀. Ó rí òjò tó ń bọ̀. Ó tún la ẹnu.

Kò sọ ọ́. Kò sì sọ pé òun gbà. Ó kàn dúró síbẹ̀ títí ewé tó kẹ́yìn fi padé.

Ilẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, káàkiri ọgbà. Ní bẹ́ǹṣì kẹrin lápá òsì, aṣọ eléérú kan ṣoṣo ló kù lórí ìjókòó. Ọ̀jẹ́wálé kò rí ẹni tó dìde.

Olùṣọ́ kọ nǹkan sára pátákó rẹ̀. "Ó ti parí. Géètì tí o gbà wọlé ti tì. Ti òdìkejì ló kù. Ẹ máa gba ojú ọ̀nà yìí lọ títí." Ó wò ó díẹ̀. "Wá oúnjẹ rírọ̀ fún un lónìí. Wọn kì í jẹun níbí." Ó sì wọ àárín igi lọ.

Ọ̀jẹ́wálé na ọwọ́. Sólìn dì í mú, ó dìde. Kò wúwo rárá. Ó fi aṣọ eléérú sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbọ̀n. Ọ̀jẹ́wálé bọ́ ẹ̀wù òtútù tirẹ̀ fún un. Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà.

Wọn kò tíì gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó fi gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn púpọ̀ bá ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún. Ó wo apá òsì.

Wọ́n ń fa ẹsẹ̀ wọn wọlé.

Lórí bẹ́ǹṣì kan tẹ̀lé òmíràn, lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣófo, àyè tó gùn tó ènìyàn tó dọ̀bálẹ̀. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọn kò na ọwọ́. Wọ́n kàn ń wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn?" Ọ̀jẹ́wálé béèrè.

"A ti jókòó pẹ́," Sólìn ní. "Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ń sọ. Má wò wọ́n."

Ó kó ọwọ́ kan sápò, ó fi èkejì di bàbá náà mú. Ó tẹjú mọ́ géètì tó wà lọ́hùn-ún. Ó kọjá lára àgbà àkọ́kọ́, kò kí i. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó kọjá lára èkejì. Ó kọjá lára ẹ̀kẹwàá. Kò tún kà wọ́n mọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì tó súnmọ́ géètì jù, ìyá àgbà kan jókòó. Ó kéré bí ọmọ ọdún méjìlá. Méjì ló wà nínú dígí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀, ó ṣí ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ̀rọ etí Ọ̀jẹ́wálé kò dún. Kò sí ohun tó fẹ́ túmọ̀.

Ọ̀jẹ́wálé kò dáhùn. Ó fi èjìká ti géètì ṣí, ó fa bàbá náà jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, bí ti ẹni tó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n gbà mú.